Omi Ìdí Ọkọ̀ Alájì

Bí o bá fẹ́ mọ òórùn ọjà Sankaryaré láàárọ̀ ọyẹ́, mú irú tí àwọn ará ibí ń pè ní súmbálà, da ọ́ìlì dúdú tí ọkọ̀ ti lò tán sí i, kí o sì jó ègé táyà kékeré kan mọ́ ọn. Inú òórùn yẹn ni mo ti lo ọdún tó pọ̀ ju eyín tó kù lẹ́nu mi lọ, torí pé ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn obìnrin onírú ni ìsọ̀ tèmi wà, níbi tí mo ti ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀: ilẹ̀kùn tó ti já, dígí tí kò ní ìkejì, páìpù tó ń gbé èéfín jáde nídìí ọkọ̀, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sàlẹ́ńsà. Ìwọ náà mọ òtútù Wagadúgù. Àmọ́ ọyẹ́ ọdún tí mò ń sọ yìí kò lẹ́gbẹ́. Ó tutù débi pé adìẹ onírú kan yé ẹyin, ẹyin náà gbọ̀n títí ó fi yí wọ ìsọ̀ mi láti wá yáná. Bí o kò bá gbà mí gbọ́, kò dùn mí. Mo ti fi ẹyin náà jẹ búrẹ́dì, ẹ̀rí ti wọ ikùn.

Irọ́ kékeré yẹn ni mo fi ṣí ọ̀nà, nítorí irọ́ ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn, irọ́ ńlá náà sì ni òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ni wẹ́dà kan ti ń jó irin pọ̀. Ọmọ ẹ̀yà Sàmó ni, ó ga, apá rẹ̀ kún fún àpá iná. Iwájú wa gan-an sì ni awakọ̀ kan máa ń gbé ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sí. Ọmọ Mọsí lòun, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Bí àwọn méjèèjì bá ti fojú kan ara wọn, èébú bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wẹ́dà ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀kò ọ̀rọ̀: "Olè! Ẹrú baba mi! Ta ló tú ọ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí?" Awakọ̀ á dáhùn: "Ìwọ ajẹ-orí-ajá, nu ẹnu rẹ kí o tó bá èèyàn sọ̀rọ̀, irun ajá ṣì wà létè rẹ." Wọ́n á wá dì mọ́ra wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Rakíírè ni àwọn Mọsí ń pe irú ìbátan yìí. Láti ayé baba ńlá wọn ni Mọsí àti Sàmó ti gbàyè láti máa bú ara wọn, ẹni tó bá sì bínú ló jẹ̀bi. Òfin rẹ̀ kan wà, fi í sọ́kàn fún mi: bí ìbátan eré rẹ bá pè ọ́ ní olè, o kò gbọdọ̀ sẹ́. Ńṣe ni wàá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo jí i, màá tún jí òmíràn." Ẹni tó bá sẹ́ ti ba eré jẹ́.

Èmi ńkọ́? Nagó ni mí, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Tèmi kò ju "Bàbá, ẹ káàárọ̀", "Bàbá, barka", ìyẹn ẹ ṣé, àti "Ẹ yà fún Bàbá" lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó bú mi rí. O lè rò pé iyì ni. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọ jókòó sórí àga níbi tí gbogbo èèyàn ti ń jó. Nílé wa náà, ìyàwó ilé àti àwọn àbúrò ọkọ máa ń bú ara wọn ṣeré, mo mọ adùn rẹ̀ láti kékeré. Ẹnu ń yún mi. Lójoojúmọ́ ni mo ń jókòó sáàárín páìpù ìpẹtà, tí mò ń wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń wo oúnjẹ nínú ilé onílé.

Ọ̀gá awakọ̀ yìí, ará ìlú wa ni, Alájì kan tó ń ta aṣọ. Kò tíì pẹ́ tó dé láti Nàìjíríà, òwò sì ti gbé e dé àdúgbò Zone du Bois, lábẹ́ igi, níbi tí gbogbo ilé ti ní ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì. Faransé rẹ̀ kò ju "bọ́jú" tí wọ́n fi ń kíni àti "dakọ́ọ̀" tó túmọ̀ sí mo gbà lọ, èdè Mòrè kò sì wọ etí rẹ̀ rárá, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ó ra ọkọ̀ kan nínú àwọn àlòkù tí a ń pè ní Ó-dàbọ̀-Fúráǹsì, aláwọ̀ eérú, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń kí i kó tó kí àwọn ìyàwó rẹ̀. Awakọ̀ Mọsí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdérí ojú ihò tí wọ́n ń rọ ẹsáǹsì sí, ìyẹn epo ọkọ̀, ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo sì ni awakọ̀ máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún Alájì. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, n kò ní ilẹ̀, n kò ní màlúù. Orúkọ mi ni mo fi ń jẹun. Bí awakọ̀ bá ti gba orúkọ olè, ta ni yóò tún gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, ọkọ̀ náà dé pẹ̀lú Alájì lẹ́yìn. Wáípà tuntun ni wọ́n wá wá. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìdí ọkọ̀ sì kọjú sí mi, omi ń kán láti ẹnu sàlẹ́ńsà, tó, tó, tó, ó ti gbẹ́ ihò kékeré sínú eruku pupa. Alájì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, páìpù náà bá tu omi dúdú díẹ̀ sí i létí ṣòkòtò. Ó dúró bí ẹni tí ejò ṣán.

"Bàbá, ẹ wo èyí! Láràárọ̀ ló ń ṣe é. Kí ló dé tí ọkọ̀ mi ń tọ̀?"

Mo mọ ohun tó fà á. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kùtọnú ti fi hàn mí nígbà tí mo ṣì léyín. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ ohun tí mo bá fojú rí kì í kúrò lórí mi. Ǹ bá ti fi gbólóhùn méjì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí wẹ́dà tó ti ṣí ìbòjú iná rẹ̀ sókè tó ń wò wá, mo rí awakọ̀ tó ń nu dígí, ẹnu bá tún bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo fi Mòrè sọ ọ́ ní ohùn rara, kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́: "Ọkọ̀ tó bá mu omi ló ń tọ omi! Mọsí yìí ti ta ẹsáǹsì Alájì, ó ti fi omi kànga dí i!"

Wẹ́dà fò sókè. "Mo ti sọ ọ́! Mo ti sọ ọ́ tipẹ́! Olè ọmọ olè!"

Òfin eré sì ti mú awakọ̀. Ó ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó borí nínú ìjàkadì, ó ní, "Èmi ni! Mo tà á! Lọ́la màá ta táyà, lọ́túnla màá ta Alájì fúnra rẹ̀!" Àwọn onírú pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín gba gbogbo ìlà wa. Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní parọ́ fún ọ níbí: inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mọ́ra. Mo ti wọlé, wọ́n ti gbà mí.

Alájì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, kí ni ẹ bi í? Kí ló fi dá yín lóhùn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Yorùbá. Mo ní, "Mo ní ó ta epo rẹ, ó fi omi dí i. Ó ní, èmi ni, mo tà á, lọ́la màá ta táyà, lọ́túnla màá ta Alájì." N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ẹ̀rín nìkan ni n kò túmọ̀.

Alájì na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Awakọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó tún tẹríba bí ẹrú inú ìtàn, ó rò pé ọ̀gá òun náà ti wọnú eré. Alájì jókòó síbi ìwakọ̀, òun tí kò mọ̀ ọ́n wà dáadáa, ọkọ̀ fò síwájú bí àkèré, ó kú, ó tún jí, ó lọ. Omi kán tẹ̀ lé e títí dé ìyànà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí a sá sóòrùn. "Bàbá, eré ni, àbí? Ẹ bá mi sọ fún un." Mo ní, "Jẹ́ kó tutù. Tó bá di ọ̀la, ó ti gbàgbé." Mo sì wọlé lọ mu kọfí mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́dẹ Zone du Bois kò ṣí géètì fún un. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Alájì dúró láàárín àwọn ará ilé wa, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gba awakọ̀ Mọsí báyìí-báyìí síṣẹ́, olè tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lójú ọjà ni, Bàbá onísọ̀ páìpù ló gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ bi í. Wọ́n bi mí. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Gbogbo wọn jókòó yí mi ká bí ọmọ iléèwé, wọ́n ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé ọkọ̀. Mo sọ fún wọn nípa lọ́rì kan ní Kùtọnú tí awakọ̀ rẹ̀ fi omi dí epo fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, títí ọ̀pọ̀lọ́ fi gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde, tó dúró lójú títì, tó pe orúkọ awakọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Hẹ́ẹ̀n!" Wọ́n gbà á. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ló wá ti ilẹ̀kùn pa. Kò sí Nagó kan ní gbogbo Wagadúgù tó tún fi ọkọ̀ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, nígbà tó sì jẹ́ pé àwa la ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná ọjà náà, àwọn yòókù gbọ́ lẹ́nu wa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni awakọ̀ wá bá mi. Nígbà àkọ́kọ́ ó dúró, nígbà kejì ó jókòó, nígbà kẹta ó kúnlẹ̀ sínú eruku, láàárín àwọn irin mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ èdè rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé eré ni." Mo ní màá sọ. Lójú ara mi, mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí Alájì tó ń bọ̀ pẹ̀lú obì àti àwọn ọ̀rẹ́ tuntun tí ọkọ̀ wọn ń fẹ́ àtúnṣe, ahọ́n mi á sùn.

Wẹ́dà ò dúró dè mí. Lọ́jọ́ kan ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, ó lọ sí ẹnu géètì Alájì, torí pé bí wàhálà bá dé bá ọ nílẹ̀ yìí, ìbátan eré rẹ ló ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọ, wọn kì í sì í kọ̀ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Alájì pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí eléyìí ń wí." Mo gbọ́ ohùn wẹ́dà nínú fóònù, ohùn ńlá yẹn ti rọ̀ bí ẹ̀kọ: "Ẹrú mi ni ọkùnrin yẹn. Nítorí tèmi, ẹ dá ẹrú mi padà fún mi." Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ọmọdé Mọsí ọdún márùn-ún á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Alájì ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹrú òun ni."

Ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, bíi ti àkọ́kọ́. Alájì ní, "Á à, òun ló ń rán an lólè nígbà náà." Ó ní kí ọlọ́dẹ lé e. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í. Nígbà tí wẹ́dà padà sí ìsọ̀, kò bá mi jà. Ó kàn gbé pákó kan, ó kàn án sáàárín ìsọ̀ rẹ̀ àti tèmi, ó ní iná irin kò dára fún ojú àgbà.

Kí ni ọkọ̀ ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ń tọ̀. Àbúrò ìyàwó Alájì gba ìwakọ̀, omi ń kán. Alájì fi ojú olè wò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ó dá a padà sí Nàìjíríà nínú bọ́ọ̀sì. Alájì wá ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ ìdérí ẹsáǹsì mọ́ okùn ṣòkòtò. Omi ń kán. Ìgbà yẹn ló wá bá mi, láìmú ọ̀rẹ́ kankan dání, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá, ó ku èmi nìkan. Ṣé èmi ni mò ń ja ara mi lólè?"

Àárẹ̀ ti mú mi, mo jẹ́wọ́ fún ọ. Irọ́ náà dà bí ẹran ọ̀sìn tó ń jẹun ju èyí tí mo lè wá fún un lọ. Mo tan àbẹ́là, mo mú ife gíláàsì tó ti sùn síta nínú ọyẹ́, mo dojú rẹ̀ dé orí iná náà. Kò pẹ́ tí gíláàsì fi ṣú, tó làágùn nínú. Ohun tí ọ̀gá mi fi hàn mí ní Kùtọnú nìyẹn. Mo ní, "Alájì, ṣé o rí i kí n bu omi sínú iná? Ohun tó bá ń jó bí epo, omi wà lára ohun tó ń bí. Inú ẹ́ńjìnnì, ooru ni omi náà. Tó bá dé inú páìpù tó tutù láàárọ̀, ó di omi, ó kán sílẹ̀. Tí páìpù bá ti gbóná, o kò ní rí i mọ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe é. Ara ọkọ̀ rẹ le."

Ó fi ìka kan omi inú gíláàsì náà. "Ṣé ẹ ti mọ èyí láti ọjọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ta ló tún wà ńbí tó gbọ́?" Mo ní, "Èmi àti ìwọ." Ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́." Mo ní, "Eré wọn ni, Alájì." Ó ní, "Bàbá, mo ti sọ ọ́ ní mọ́sálásí. Ṣé kí n padà lọ sọ fún ìjọ pé omi ọyẹ́ ni mo fi lé ọmọlọ́mọ? Kí ẹ̀yin náà wá sọ ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ yín wà?" Ó fi etí aṣọ nu ife náà gbẹ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo ní dakọ́ọ̀. Bí àgbà méjì ṣe fi orúkọ ọkùnrin kan sábẹ́ ife nìyẹn, tí wọ́n sì kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Ọyẹ́ kọjá, ooru dé. Ilé mi wà ní Samandin, ẹ̀rọ omi wa kì í sì í tú nígbà ooru, nítorí náà a máa ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ti dúrọ́ọ̀mù orí kẹ̀kẹ́ kiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́, mo ṣílẹ̀kùn. Awakọ̀ ni. Ó ti gbẹ, àyà rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́ irin tó fi ń ti dúrọ́ọ̀mù, ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀ bí aṣọ sílíkì ti le koko. Ó tẹríba, ó fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú. "Ne y yibeogo, Bàbá." Ẹ káàárọ̀ ni ìyẹn, èyí tó mọ́ jù lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹnu. Mo ní, "Olè! Ṣé kì í ṣe pé o ti fi ẹsáǹsì dí omi wa lónìí?" Mo ń bẹ Ọlọ́run kó ní, "Èmi ni, mo fi dí i, mu ún kí o jóná."

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Omi lásán ni."

Bó ṣe ń fa páìpù omi jáde ni wẹ́dà kọjá lórí alùpùpù rẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó pariwo láti ọ̀nà jíjìn: "Mọsí! Ẹrú mi! Odò ta lo tún jí gbé?" Ọ̀rẹ́ mi, ká ní o rí ọkùnrin yẹn! Ẹ̀yìn rẹ̀ nà, eyín rẹ̀ jáde, ó fi gbogbo àyà rẹ̀ dáhùn: "Odò baba rẹ ni, ajẹ-orí-ajá! Wá gbà nínú rẹ̀ kí o fi yọ irun ẹnu rẹ!" Ẹ̀rín wọn dé òpin òpópónà. Alùpùpù yà, ó lọ. Awakọ̀ wá yíjú sí mi, ojú náà sì ti dán bí pákó tí a ti nu ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ kúrò. "Bàbá, níbo ni kí n da omi sí?"

Títí dòní ló ń gbé omi wá, kò pẹ́ rí, kò sì dín ìkíni rẹ̀ kù rí. Bí ọyẹ́ bá dé, tí àwọn ọkọ̀ bá ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lójú títì, mo máa ń gbọ́ tó, tó, tó lẹ́nu gbogbo sàlẹ́ńsà Sankaryaré, mo sì máa ń dá a mọ̀ ju ohùn àwọn ọmọ mi lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti fi Mòrè bẹ̀ ẹ́, mo ti fi èdè Júlà bẹ̀ ẹ́, mo ti kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó gbé mi dìde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbọn eruku orúnkún mi. Mo ti parọ́ fún gbogbo ayé, wọ́n sì ti pè mí ní òpùrọ́ ní ìlú mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó pè mí bẹ́ẹ̀, Bàbá ló ń pè mí.